Làpálàpá Abẹ́ Igi Obì Àyọ̀ká

Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ ló ń gbọ́: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí àbùlà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó kọ́kọ́ gbẹ́ ìdí igi obì wò kó tó yanu.

Obì ni wọ́n ń gbìn ní abúlé Agbọ̀nyìn, obì náà ló sì ń bọ́ wọn. Bí wọ́n bá bímọ, wọn a ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀, wọn a gbin igi obì lé e lórí. Igi ọmọ náà nìyẹn títí ayé. Bó bá jẹ́ obìnrin, obì orí igi rẹ̀ ló máa gbé wọ ilé ọkọ. Ọmọge tí igi rẹ̀ bá kú kó tó relé ọkọ, àwọn àna á rọra fà sẹ́yìn. Wọn ò ní sọ ìdí, wọn ò sì ní padà wá.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Kúforíjì bí, Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti dá ìgbéyàwó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìkórè nígbà tí ewé igi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń já bọ́ láìtó àsìkò. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ ìdí igi wò, ohun tó rí sì mú un jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fọ́nrán funfun, tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, ti wé mọ́ gbòǹgbò, èèpo gbòǹgbò ti rọ̀ bí ẹ̀kọ àná.

Gbogbo Agbọ̀nyìn mọ àrùn yìí. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn, láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì. Àáké àti iná nìkan ni oògùn tí wọ́n ní fún un.

"Mo bá ọ kẹ́dùn," ni Baálẹ̀ wí fún un, "ṣùgbọ́n a ò ní tìtorí igi kan sọ gbogbo oko di aṣálẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí igi yìí ò rú ewé tuntun, gígé ni."

Kúforíjì gé gbòǹgbò kan dání, ó gba ilé Ẹfúnwùnmí lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, arúgbó tó ń se ọṣẹ dúdú. Ara rẹ̀ ti ń lọ, orí ẹní ló ń wà. Ó fi àtàńpàkò ra fọ́nrán funfun náà, ó rẹ́rìn-ín.

"O ò dá a mọ̀ ni? Ohun tó wà lọ́rùn rẹ nìyí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi ń pè ọ́ ní ewúrẹ́ alábàwọ́n."

"Làpálàpá nìyẹn, ìyá. Ara èèyàn ló ń mú."

"Ta ló sọ fún ọ pé ilẹ̀ ò láwọ? Lọ já asùnwọ̀n wá, ewé tí a fi ń wo làpálàpá, kí o já efinrin kún un."

Wọ́n gún ewé méjèèjì, wọ́n pò ó mọ́ ọṣẹ, wọ́n dé e mọ́nú ìkòkò. Arúgbó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ṣùgbọ́n ọkàn Kúforíjì ò balẹ̀. Ó yọ́ ṣí i, ó bu díẹ̀, ó pò ó mómi, ó dà á sí ìdí igi. Omi lọ, èérún ewé dúró lórí ilẹ̀, èèrà kó o lọ. Fọ́nrán funfun náà ò mira.

Ó padà wá pẹ̀lú ìbínú. "Ìyá, kò ṣiṣẹ́. Ewé wà lọ́tọ̀, ọṣẹ wà lọ́tọ̀. Òjò sì ti ń ṣú."

Ẹfúnwùnmí yíjú sí i. "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri. Kó tó di alẹ́, ó ti lọ.

Ní Agbọ̀nyìn, a kì í ṣí ìkòkò òkú títí ọjọ́ ọ̀fọ̀ ó fi pé, tí wọn ó gbálẹ̀ ọ̀fọ̀. Ààrá ń kù, Baálẹ̀ ń pọ́n àáké, Kúforíjì ń yí ìkòkò po.

"Bàbá, bí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án," ni Àyọ̀ká wí, "màá pe ìyá padà wá bá yín."

Nígbà tí wọ́n gbálẹ̀ tán, Kúforíjì ṣí i. Ó wá ewé tì. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò kan èérún kan. Ọṣẹ lásán ni, ó dúdú, ó ń dán, òórùn efinrin sì gba gbogbo ilé. Ó pò ó mómi. Àyọ̀ká ń pọnmi, òun ń rọ ọ́ sí gbòǹgbò.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Baálẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó gbé àáké. Ó lóṣòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Fọ́nrán funfun ti súnkì, ó dúdú bí òwú tí iná jó. Lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ń yọ bí eyín ọmọ ọwọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ewé tuntun lórí ẹ̀ka. Ó ṣí fìlà. Àwọn tó kù ṣí tiwọn, bí ìgbà tí wọ́n dúró níwájú ọba.

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ bojú wo inú ìkòkò. "Mo gbọ́ pé o fi ewé sí i. Ewé ọ̀hún dà?"

Kúforíjì tọ́ka sí ọṣẹ. Ó sọ ohun tí arúgbó sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ìkórè parí, Àyọ̀ká ru obì igi rẹ̀ wọ ilé ọkọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.