Àwòdì Kí Ẹlẹ́nu-Òṣùmàrè

Ẹ gbàlọ́ mi o, ẹ̀yin ọmọ!
— A gbà á, ẹ máa pa á lọ!

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí ẹnu èèyàn bá kún ni wọ́n máa ń kí i? Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹyẹ òkun kan wà tó ń jẹ́ Ẹlẹ́nu-Òṣùmàrè. Ẹnu rẹ̀ pọ́n bí osùn, ó ní ìlà aró, bí ẹni ń ròde. Ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nínú ihò ilẹ̀ létí òkun. Ìyá mòòkùn, ó kó ẹja kún ẹnu, ó ń bọ̀.

Àwòdì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ihò. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bí òun bá kí ìyá ọmọ, tí ìyẹn bá ti dáhùn, ẹja á bọ́ fún òun.

“Ìyàwó wa, o kú odò!”

Ẹyẹ kúnlẹ̀, kò fọhùn.

“Àbí o ò rí mi ni?”

Ó tún kúnlẹ̀. Ọmọ ń kọrin nínú ihò, ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, má yanu o —
Tẹ́rẹ́nà!
Ẹja á lọ o —
Tẹ́rẹ́nà!

Àwòdì tún ní, “Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ọ nílé ni?”

Háà! Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní fèsì? Ẹyẹ lanu gbàgà: “Ó kọ́ mi dáadáa, bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!”

Àwòdì ti lanu de ẹja. Ẹja kankan ò bọ́. Ìgbì òkun ló dà sí i lọ́fun. Ó wúkọ́ délé. Ọmọ yó bámúbámú.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́: ahọ́n ló fi ń tẹ ẹja mọ́ àjà ẹnu rẹ̀ tó ní ẹ̀gún, ó sì lè lanu kí ọ̀kan má bọ́.