Afárá Okùn Àjàmú

Àjàmú, atukọ̀ odò Awẹ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà bú u jù. Ọdọọdún ni odò yẹn ń kún lójò, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti dojú dé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó wá lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní ilẹ̀ olókè, tí ó rí i pé afárá okùn ni wọ́n fi ń kọjá odò, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó padà dé, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó hun tirẹ̀: okùn tí ènìyàn ó tẹ̀ ní ìsàlẹ̀, àti méjì tí yóò dì mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ku ọ̀la kí ọjà pé ló ta á sórí odò.

Ṣẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Bàálé mi, ṣé ẹ ti wí fún àwọn tí ẹ ń tù kọjá?"

Àjàmú rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ wí? Ṣé à ń bẹ ènìyàn kó tó gba ohun rere ni?"

"Kò burú. Àmọ́, ẹ dá ọkọ̀ yẹn sí ná o."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àjàmú la ọkọ̀ sí igi ìdáná.

Ilẹ̀ mọ́, ọjà pé. Ìyá Fáníyì, opó tí ń sin adìyẹ tà, ló kọ́kọ́ dé etí odò. Àgò kan tí adìyẹ méjìlá wà nínú rẹ̀ ló rù, gbogbo ohun tó ní láyé náà nìyẹn.

"Àjàmú, ọkọ̀ dà?"

"Ẹ gun afárá, ìyá. Kò sí ewu."

Ohun tí Àjàmú kò rò rè é: ẹ̀yìn ni àwọn ará òkè ń pọn ẹrù sí, orí ni àwọn tirẹ̀ ń rù ú. Ìyá Fáníyì fi ọwọ́ kan di àgò mú, ó fi ọ̀kan di okùn. Ó dé àárín odò, afárá fì.

"Ìyá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú!"

"Ta ni yóò wá bá mi di ẹrù orí mi?"

Yéè! Àgò bọ́, ó fọ́, omi gbé adìyẹ mọ́kànlá lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló fò bà lé okùn. Ìyá Fáníyì ti kúnlẹ̀, ó rọ̀ mọ́ okùn, ó ń sunkún. Àjàmú rákòrò lọ bá a, jìnnìjìnnì bò ó, torí bí òun náà ti ń sún ni okùn tí ìyá dì mú ń mì.

Nígbà tí wọ́n padà dé èbúté, ìyá wò ó lójú. "Àjàmú, mi ò ní kí o má ṣe afárá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o kọ́ wa ná, kí o tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa."

Ojú ti Àjàmú gan-an. Àwọn ọlọ́jà yòókù, tí wọ́n ti dé etí odò tí wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀, gbé ẹrù wọn, wọ́n gba ọ̀nà jíjìn lọ. Ó fi adìyẹ ilé rẹ̀ san ti ìyá, ó gbẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ó sì ta okùn mọ́ igi méjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti pọn ẹrù bí ẹni pọn ọmọ. Kí òjò ọdún kejì tó dé, wọ́n ti ń gun afárá.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ kìíní yẹn kò kúrò lójú wọn: bí okùn ti ń fì ni adìyẹ ń ju apá, bí adìyẹ ti ń ju apá ni okùn túbọ̀ ń fì. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.