Ogójì Ìṣísẹ̀ sí Ojú Ọba

Bí ajere ti lójú tó nì, kò fi ọ̀kan ṣoṣo ríran;
Ẹni tó bá fẹ́ rí òkèèrè, kó kọ́kọ́ nu ipin ojú ara rẹ̀;
Ohun tí awo wí rèé fún Ìbídùn, ọmọ Àlàdé ayàwòrán ọba, ní ọjọ́ tó ń fẹkún ṣe ìráhùn kámẹ́rà.

Ìbídùn kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ya ìkómọ, ìyàwó àti òkú àgbà ní ìlú Òkè-Àgbàrá, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ àdúgbò kan tí kò kọ́kọ́ sunkún níwájú kámẹ́rà rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Àlàdé, ló ya ọba tó wàjà, ní ọjọ́ tí wọ́n fi ewé akòko lé e lórí. Àwòrán náà wà ní gbọ̀ngàn ààfin di òní olónìí, orúkọ Àlàdé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní wínníwínní. Bí ayé bá sú Ìbídùn, ààfin ló ń gbà lọ, á dúró níwájú àwòrán yẹn, á kí i bí ẹni kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀.

Ìgbà tí ọba tuntun fẹ́ jẹ, ààfin kéde. Gbogbo ayàwòrán ìlú ló lè wá lọ́jọ́ ewé akòko, ṣùgbọ́n àwòrán kan péré ni àwọn ìjòyè yóò mú, ẹ̀gbẹ́ ti Àlàdé ni wọn yóò sì gbé e kọ́. Kò pé ọjọ́ méjì sí ìkéde yìí ni kámẹ́rà Ìbídùn, èyí tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ gùn bí ọmọ odó, bọ́ sínú kànga níbi tó ti ń fa omi pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìrẹsì kó lè fa omi ara rẹ̀. Ó kú fin-ín fin-ín.

Ó wá ku fóònù kékeré ọwọ́ rẹ̀. Èèwọ̀ Òkè-Àgbàrá sì rèé: lọ́jọ́ ewé akòko, okùn màrìwò ni wọ́n ń ta yí ọba ká, ní ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tó jókòó. Afọbajẹ nìkan ló ń kọjá rẹ̀. Ìbídùn ka ogójì ìṣísẹ̀ lójúde, ó ní kí ìyá ẹlẹ́kọ tó wà nítòsí bá òun jókòó sórí àga, ó yà á. Nígbà tó wo fóònù, ìyá ẹlẹ́kọ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ìbídùn jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ta ni wọn ó wá gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi báyìí?"

Ó gbéra, ó tọ Bàbá Fátóyìnbó lọ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ awo ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n fóònù òkú ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ tirẹ̀. Bó bá tú ọ̀kan kalẹ̀ sínú àwo, á wò ó títí, á mi orí, á sì sọ ohun tí ojú ẹni tó ni ín ti rí fún un. Ìgbà tí Ìbídùn dé ibẹ̀, Gbádégẹṣin, ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ṣájà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi," ni Ìbídùn wí. "Fóònù wo ni kí n rà? Èyí tó ní súùmù gidi ni mo fẹ́, tó máa fa ojú ọba wá bá mi níbi okùn."

Bàbá Fátóyìnbó wo inú àwo. "Ire ń bẹ níwájú rẹ, Ìbídùn. Ẹbọ ni kí o rú."

"Ẹbọ kẹ̀? Fóònù ni mo wá béèrè o, Bàbá."

"Nítorí fóònù náà ni. Ohun mẹ́ta ni o ó fi rú u. Ìtìjú ni àkọ́kọ́. Má tẹ̀lé iye súùmù tí wọ́n kọ sára páálí. Gbé fóònù bọ́ síta, wá òbúkọ kan, ka ogójì ìṣísẹ̀, kí o yà á. Èyí tó bá fi irùngbọ̀n òbúkọ hàn ọ́ ní fọ́nrán fọ́nrán ni kí o rà. Dígí inú ojú kámẹ́rà ni í fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni. Fóònù tí kò bá ní dígí rẹ̀, nínà ló ń na àwòrán bí ẹni ń na awọ, ibi tó bá sì ti ya, irọ́ ló máa fi lẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́, sà."

"Aṣọ funfun tó ti gbó sí ọ lára, tó rọ̀ múlọ́múlọ́, ni èkejì. Òun ni o ó máa fi nu ojú kámẹ́rà kí o tó yà."

Ìbídùn rò ó. "Bàbá, kò sí aṣọ tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi àfi yẹ̀rì mi."

"Gé e níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló le. Ẹwà ni. Nǹkan kan ń bẹ nínú fóònù tó ń dán ojú ènìyàn bí ẹni fi òrí pa á. Pa nǹkan náà. Má jẹ́ kó kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan tìrẹ."

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, Ìbídùn gbá fóònù kékeré rẹ̀ mọ́ àyà. Obìnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ṣùgbọ́n nínú fóònù, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Bàbá kan ń bẹ ní Ìwó, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń kí i lórí fóònù láràárọ̀ nítorí àwòrán yẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi adìyẹ méjì rọ́pò ẹ̀kẹta."

"A kì í ná ẹbọ bí ẹni ń ná ata."

Gbádégẹṣin ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ òbúkọ. Bàbá yíjú sí i. "Gbádé, ẹbọ yìí kan náà ló yẹ ọ́."

"Èmi? Èmi kí n máa ya òbúkọ ní fọ́tò? Bàbá, ẹ̀yin tí fóònù ọwọ́ yín kò ju onítọ́ọ̀ṣì lọ!" Ó pe awo lónírọ́, ó gba ṣájà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kó tó di ọ̀sán ó ti ra fóònù olójú márùn-ún, tí iye súùmù tó wà lára páálí rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo fóònù inú ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á lọ. Ó gbé e kọ́ àyà bí ẹni gba oyè.

Ìbídùn dé ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà. "Màmá, ẹ má ṣí páálí o," ni ọ̀gá ọlọ́jà wí. "Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ti rà á nìyẹn." Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ títí tó fi yọ̀ǹda àwọn tó tẹ́ sórí tábìlì fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ń wọlé, òbúkọ kan sì dúró lábẹ́ igi máńgòrò lódìkejì títì, ní ogójì ìṣísẹ̀, ó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà patẹ́wọ́. "Ẹ wá wò ó! Ìyá ti rí oníbàárà tuntun! Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín o!" Ojú tì í débi pé ó fẹ́ wọlẹ̀ lọ. Fóònù àkọ́kọ́ sọ irùngbọ̀n òbúkọ di òwú. Ìkejì sọ ọ́ di ẹ̀fọ́. Ìkarùn-ún kò tóbi, ojú mẹ́ta péré ló ní, ti ọdún tó kọjá sì ni, ṣùgbọ́n ó ka irun náà ní fọ́nrán fọ́nrán, ó sì tún rí eégbọn tó lẹ̀ mọ́ òbúkọ náà létí. "Èyí ni," ni Ìbídùn wí, ó sì rà á.

Nígbà tó délé, ó gé etí yẹ̀rì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ ohun tó ń dán ojú pa, ó ya ara rẹ̀, ó sì fi àwòrán ọ̀hún rọ́pò ti àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Bàbá Ìwó kò kí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì kí i ní ti ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ ewé akòko pé. Eruku bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn èèyàn yí Gbádégẹṣin ká, wọ́n ń gba fóònù rẹ̀ wò lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń jẹ dùndún, ọwọ́ tó lépo ni wọ́n sì fi ń ka ojú márààrún. "Gbádé, o ti ṣe é!" Ìbídùn dúró níbi okùn, ó ń fi yẹ̀rì nu tirẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọ̀dọ̀fin, àgbà afọbajẹ, gbé ewé lé ọba lórí, àwọn méjèèjì tẹ fóònù wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé àwòrán ti àwọn méjèèjì, tó ṣẹ́kù nínú ti gbogbo ayàwòrán, dé iwájú àwọn ìjòyè. Ti Gbádégẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀dọ̀fin gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ta nìyí?"

"Kábíyèsí ni, sà."

"Kábíyèsí wo? Àbàjà mẹ́fà mẹ́fà ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọba wa. Ojú èyí ń dán bí àwo tánganran. Ilà dà?"

Ilà ti lọ. Fóònù olójú márùn-ún ti ka ilà ìdílé ọba sí àbàwọ́n, ó ti nù ún dànù. Epo dùndún ti sọ ewé akòko di ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀fin ṣì ń wò.

"Èmi sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ bá mi wò ó, mo ní eyín! Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wá eyín iwájú yìí. Gbádé, níbo lo ti rí i?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Gbádégẹṣin kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Wọ́n wá gbé ti Ìbídùn. Àbàjà pé, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Ẹnu Ọ̀dọ̀fin ṣófo bó ṣe wà. Ọba fúnra rẹ̀ gba àwòrán náà, ó fi ìka kàn án, torí omijé kan wà lójú rẹ̀ nínú àwòrán ọ̀hún, tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ibi okùn.

"Ọjọ́ yẹn ni mo rántí ìyá mi," ni Kábíyèsí wí. "Mo rò pé mo fi omijé náà pamọ́. Ẹ gbé e kọ́."

Wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àlàdé. Ìbídùn lọ kí bàbá rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí àwòrán náà, tòun ti ìhunjọ, láàárín ọba méjì. Kò yí ojú kúrò. "Bàbá mi, ẹ kúkú rí i," ló wí, ó sì sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ni ayàwòrán ààfin. Bàbá Ìwó kò kí i mọ́. A gbọ́ pé Ọ̀dọ̀fin ń kí i.

Gbádégẹṣin padà lọ sí ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ṣé ẹbọ yẹn ṣì ń dà?"

"Ó ń dà," ni Bàbá Fátóyìnbó wí, kò gbé ojú kúrò nínú àwo. "O ní yẹ̀rì?"

Ìbídùn gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú u, ó là. Gbádégẹṣin pe awo lónírọ́. Bí ẹ bá gba títì ọlọ́kadà kọjá lónìí, ẹ ó rí i lábẹ́ oòrùn, tó ka ogójì ìṣísẹ̀, tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ òbúkọ pé kó jọ̀ọ́, kó má mi orí.