Omi Tí Ó Ń Dà Sídìí Ọsàn

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ló bá ku òun nìkan nínú ilé ńlá. Kì í ṣe pé ìyà ń jẹ ẹ́. Oko rẹ̀ ń so, òrùlé rẹ̀ kò sì jò. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a máa jókòó sórí àga rẹ̀, a máa wo àga kejì. Àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ mú un débi pé bí aago ara ògiri bá lù, á dá a lóhùn.

Ìyàwó yìí ló máa ń ṣe kéèkì dúdú kan lọ́dọọdún, nígbà tí kòkó bá ti wọlé. Kéèkì ayé àtijọ́ ni, èyí tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ nígbà tó wà ní ọmọge. Kò ra ṣokoléètì ní ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Kòkó oko ọkọ rẹ̀ ni yóò yan nínú agbada, yóò bó èèpo rẹ̀, yóò lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná. Wọn kò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá ni wọ́n ń bu yanrìn sí, wọn a gbé agolo kéèkì lé orí yanrìn náà, wọn a dé e, wọn a sì kó ẹyin iná sórí ìdérí. Iṣẹ́ ọkọ ni iná. Ìta ló máa ń jókòó sí tí yóò máa fẹ́ ẹyin iná, ìyàwó yóò sì wà nínú ilé, yóò máa po ohun tó ń pò. Òórùn kéèkì náà ni ọmọ wọn fi mọ̀ pé òun ti délé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà wá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, sálúbàtà bàbá rẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀, ó wò ó títí. Kò tú àpò rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ní iṣẹ́ ń pe òun, ó lọ. Bàbá náà mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ilé ló lé e. Nígbà tí ó tún tẹ bàbá rẹ̀ láago pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fẹ́ lọ kí aláìsàn. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, bí ọmọ yìí bá tún wá tó tún lọ bẹ́ẹ̀, kò ní padà wá mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é wá sin òun. Ó bá pinnu pé òun yóò ṣe kéèkì ìyá rẹ̀ fún un.

Ẹnì kan ṣì kù nínú ìtàn yìí. Ìyàwó tó kú ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ẹnu obìnrin náà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìjọ́ kẹjọ òkú, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tu ọkùnrin náà nínú, òun ló là á mọ́lẹ̀ pé: “Bàbá Bọ́látitó, ẹ ti sunkún tó. Ẹ dìde, ẹ lọ wẹ̀. Àbúrò mi ló kú, ẹ̀yin kọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà ta ọkùnrin yìí bí ata ojú. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Àwọn ẹlẹ́nu dídùn wá kí i títí, inú yàrá ló ti ń dá wọn lóhùn, ó sì rẹ̀ wọ́n. Ó wá ku obìnrin yìí nìkan. Ọjọ́ ọjà kò ní í yẹ̀ kó má gbé ògì wá nínú abọ́ onídèérí, kó gbé e lé orí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó sì pariwo pé: “Ògì yín rè é o! Bẹ́ ẹ bá sì ti kú, ẹ fọhùn!”

Ọkùnrin náà á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹsẹ̀ obìnrin náà yóò fi jìnnà. Nígbà náà ni yóò jáde wá gbé abọ́. Ọlọ́wọ́ mímọ́ ni, kò fẹ́ràn ohun tó ń kan. Omi orí ògì náà ni yóò kọ́kọ́ dà sídìí igi ọsàn lẹ́yìn ilé ìdáná, kó tó bu omi tuntun sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yìn ilé ni tirẹ̀ ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ yẹn ní sùúrù díẹ̀. Ìtàn náà kò gùn mọ́.

Àárọ̀ Sátidé pé, ọkùnrin náà yan kòkó, ó lọ̀ ọ́. Ó po ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti ẹyin, ó sì fi sóódà tí í mú kéèkì wú sí i, èyí tó rí lórí pẹpẹ yàrá ìkóúnjẹsí ìyàwó rẹ̀. Kéèkì náà jáde, ó le bíi bíríkì. Ó ní bóyá ẹyin ló kéré. Ó fi ẹyin kún un, ó ṣe òmíràn. Ìyẹn pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò, etí rẹ̀ sì jó. Ó fọ́ ọ fún adìyẹ. Adìyẹ ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí kéèkì. Ó rántí pé láti ìgbà tí òun ti wà ní géńdé ni òun ti ń fẹ́ iná fún obìnrin yìí, òun kò sì wọlé lọ́jọ́ kan wo ohun tí ó ń ṣe. Ó ṣe é bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

Èéfín ló pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Kò kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilé ló gbà wọlé. “Ta ló ń dáná sunlé?” Ojú rẹ̀ bọ́ sórí kéèkì, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n,” ni ọkùnrin náà wí.

“Ẹ ò rí i pé mi ò tíì fi yín sílẹ̀ látọjọ́ yìí? Omi ògì tí mo gbé wá lánàá dà?”

“Mo ti dà á nù.”

“Sí ibo?”

Ó na ọwọ́ sí igi ọsàn. Obìnrin náà wo igi, ó wo ọkùnrin náà, ó mi orí. “Áà! Igi ọsàn yín ló wá ń jẹ kéèkì àbúrò mi látọjọ́ tó ti kú.”

Ó wá là á yé e pé omi kíkan orí ògì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń po kéèkì náà. Sóódà kì í dá wú. Àfi kó rí ohun kíkan tí yóò jí i. Ọ̀dọ̀ òun ló sì ti ń wá bu omi náà lọ́dọọdún.

“Kí ló dé tí kò fi sọ fún mi?”

“Ṣé ẹ bi í ni? Iná lẹ ń fẹ́.” Ohùn obìnrin náà wá rọ̀. “Ọdún tí èmi àti ẹ̀ ò bára wa sọ̀rọ̀ pàápàá, ó gbé abọ́ wá bá mi. Mo bú u, ó dúró, mo bú u tán, mo bu omi náà fún un. Ó ní, ‘Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi.’ Ẹni tó mọ ohun tó ń wá ni.”

Omi ògì kò sí nílé mọ́. Ọ̀nà kan ló kù. Ọkùnrin náà wọ sálúbàtà rẹ̀, ó gbé abọ́, ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ibi tí kò gbà láti ọjọ́ ìsìnkú. Ojú tì í. Ẹnì kan ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá.” Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ha. Obìnrin náà ń bú u lọ lọ́nà nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò fá, ọkùnrin náà sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n da omi kíkan náà sínú ìyẹ̀fun, ó hó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà ló jáde lọ fẹ́ iná; ọkùnrin náà ló po kéèkì nínú ilé.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó yọjú, ó sì rí ọmọ náà tó ń wo sálúbàtà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, tí imú rẹ̀ sì ń fa òórùn kòkó. Ó jáde lọ bá a, omijé sì bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ti inú ilé jáde pé, “Ẹ wọlé, ẹ̀yin méjèèjì, kéèkì kì í dúró de ẹlẹ́kún!”

Kéèkì wú, òkú kò jí. Èmi kò ní parọ́ fún ọ. Títí di òní, bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọkùnrin náà ṣì máa ń wo àga kejì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ tú àpò.

Ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún, ọ̀rẹ́ mi. O ní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ sí ọ nígbà tí o wà nínú ọ̀fọ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó kan lóòótọ́, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí ọ̀rọ̀ wa dùn lọ́jọ́ náà, ta ló padà wá nínú wa? Èmi náà, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tó kan ni o dà sẹ́yìn ilé, o sì ń ṣe kàyéfì pé ilé rẹ kò wú.

Àwa méjèèjì la mọ ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò tíì lọ. Dìde, lọ ṣí i.