Ìkòkò Àgbo Ìyá Àgùntàn

Àlọ́ o!
Àlọ̀ ọ!

Àlọ́ mi fò fìrì, ó balẹ̀ sẹ́yìnkùlé Ìyá Àgùntàn. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ibà ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ó rẹ àgbo ibà sínú ìkòkò ńlá, kò dé e. Bí omi rẹ̀ bá ti ń fà, á tún bu òmíràn lé e.

Ó ní ẹ̀fọn inú ọ̀gọ̀dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ ló ń yọ òun lẹ́nu, ló bá lọ gbọ́n ọ̀gọ̀dọ̀ náà gbẹ. Kó tó délé, àkọ́bí rẹ̀ ti kú. Háà! Ẹ̀fọn ń kọrin lókè orí Àgùntàn. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Àgùntàn ló tọ́ wa dàgbà,
Yànmùyánmú!
Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ la ti ṣẹ̀ wá,
Yànmùyánmú!

“Ẹ ń bú mi!” ni Àgùntàn wí. Ó lọ fọ́ agbada tí Ẹlẹ́dẹ̀ fi ń mumi. Kó tó délé, ọmọ kejì ti kú. Orin yẹn náà ni ẹ̀fọn ń kọ.

Ó sáré lọ bu àgbo fún àbíkẹ́yìn rẹ̀. Alángbá, aládùúgbò rẹ̀, di igbá mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo inú ìkòkò yín.”

Ó wò ó. Yéè! Tanwíji ń takìtì nínú àgbo ibà!

Ẹ̀fọn tuntun kan gbọn ìyẹ́ lẹ́nu ìkòkò. “Ẹ ṣeun, ìyá wa,” ló wí, ó sì fò lọ tààrà síbi tí àbíkẹ́yìn sùn sí.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ti yẹ ẹ̀yìnkùlé tiwa wò?