Àáké Àkàngbé

Àkàngbé agégi ní àáké kan tí ó fẹ́ràn bí ẹyinjú. Bí ó bá ti igbó dé, yóò pọ́n ọn, yóò fi epo pa á lẹ́nu, yóò sì gbé e sórí àjà. Ẹni tí ó bá wá yá a, ìjà ni ó bẹ̀ lọ́wẹ̀. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé abúlé Ìdí-Àpáta, tí òun àti Adéọtí ìyàwó rẹ̀ ṣe ìrìbọmi, bí ó ti ń ṣe àáké náà ni ó ń ṣe Bíbélì rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun wé e kí ó má baà dọ̀tí. Sáàmù olùṣọ́-àgùntàn nìkan ni ó mọ̀ nínú rẹ̀. Òun náà ni ó máa ń kà ní kíláàsì Bíbélì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé rí i bí ó ti ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tuntun.

Ibà wá mú Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó sì kú. Adéọtí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì fẹ́ jẹun. Àkàngbé jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, mo ti gbọ́ ìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí ni Ìwé náà wí fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú?"

Ojú ti Àkàngbé, ó sì dùn ún wọ egungun. Ó lọ bá Bàbá Jáyéọlá, olùkọ́ kíláàsì náà.

"Ó wà níbẹ̀, ọmọ mi," ni bàbá náà wí. "Àmọ́ ìwọ ni kí o wá a. Bí mo bá bá ọ jẹ ẹ́, ìwọ kọ́ ni yóò yó."

Ní ọjọ́ kejì, Àkàngbé rí oyin nínú pàlàpálá àpáta kan nínú igbó. Adéọtí fẹ́ràn oyin púpọ̀. Àkàngbé fi èéfín lé àwọn kòkòrò rẹ̀, ó gbé àáké sókè, ó wo ẹnu rẹ̀ tí ń dán, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó rántí ojú ìyàwó rẹ̀, ó tún gbé e. Gbì! Ẹnu àáké kán lára àpáta. Kò dúró. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa tẹ oyin, ẹnu àáké náà ti dà bí ẹnu arúgbó tí eyín ti kán.

Nígbà tí ó délé, Adéọtí tọ́ oyin náà lá. Ohun àkọ́kọ́ tí ó jẹ dáadáa nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ.

"Àáké yín!" ni ó pariwo nígbà tí ó rí ẹnu rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Àkàngbé dáhùn. Ó wọlé, ó lọ tú aṣọ ara Bíbélì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kà á nílé lóko. Ó ń kọsẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bi wọ́n ní ìtumọ̀. Epo ta sí ewé Bíbélì náà, etí rẹ̀ ya. Nígbà tí ó dé ìwé Jóòbù, ó ka ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà ti bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó tún un kà. Ó wá rí i pé ìgbà tí wọ́n lanu gan-an ni wọ́n bà á jẹ́.

Ó pa ìwé dé, ó lọ jókòó ti Adéọtí lórí ẹní, kò sì ka sáàmù kankan. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tí ó ti dì sínú, àwọn méjèèjì sì sunkún tẹ́rùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n jọ lọ sí kíláàsì.

Obìnrin kan wo Bíbélì gbígbó náà, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ṣé ewúrẹ́ ló ń bá yín ka ìwé yìí ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Adéọtí ni ó fèsì kí ọkọ rẹ̀ tó lanu, èsì rẹ̀ náà ni àwọn àgbà sì sọ di òwe títí dòní, pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.