Kànrìnkàn Tí Ajímúdà Nà Sókè

"Ohun tí omi ń tọ́, a kì í fi í han oòrùn." Gbogbo yín lẹ ń pa á, ẹ fi ń bá ẹni tó ń fọ́nnu wí. Kí ni oòrùn wá fi í ṣe? Ẹ dákẹ́ ná, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òrotó fún yín. Ọ̀rọ̀ ìfọ́nnu kọ́ rárá.

Ẹja ti tán lókun Òrotó, òkun sì ń jẹ ilé wọn lọ. Àbúrò ìyá Ajímúdà ní òun ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí ilẹ̀ òkè. Arúgbó náà kò fẹ́ lọ. Etí omi ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló fẹ́ kú sí. Ajímúdà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù, òun ti rí iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ náà ni kànrìnkàn òkun, nǹkan ẹlẹ́mìí tó ń hù nísàlẹ̀ omi. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á so ó mọ́ okùn, á sì máa dàgbà títí wọ́n á fi lè tà á. Adétutù tó kọ́ ọ níṣẹ́ kìlọ̀ pé inú omi ni kó ti gé e, inú omi náà ni kó ti so ó. Bí atẹ́gùn bá wọ ihò ara rẹ̀, ó kú nìyẹn. Ajímúdà gbọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi tóbi ju ìkúùkù lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ apẹja ni. Ní Òrotó, ẹja tí èèyàn bá kọ́kọ́ pa, á nà án sókè látinú ọkọ̀ kí ìyá rẹ̀ rí i. Ìyá á súre, ọwọ́ ọmọ á sì máa ròkè. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àbúrò dé, ìyá jókòó sétí omi, ó ń sunkún. Ajímúdà kò lè wò ó. Ó fa gbogbo okùn náà yọ kúrò nínú omi, ó nà án sókè.

"Ìyá mi, ẹ wò ó. Ẹ ò ní lọ mọ́."

Ìyá súre fún un, ọkọ̀ sì padà lófìfo.

Kò pẹ́ tí kànrìnkàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo èbúté. Adétutù wò ó, kò lè bú u. Kò sí òmíràn tí wọ́n lè gé. Nígbà tí ọkọ̀ tún dé, Ajímúdà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀.

Arúgbó náà bi í pé, "Ṣé àdúrà mi ni kò gbà?"

Ta ló máa sọ fún ìyá ẹ̀ pé torí kó lè rí i ni nǹkan ọ̀hún ṣe kú? Ìyá ò pẹ́ nílẹ̀ òkè tó fi kú. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sin ín sí.

Nítorí náà, ẹ má fi òwe yẹn bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí omi ń tọ́, a kì í fi í han oòrùn, ìbáà ṣe ìyá ẹni ló fẹ́ rí i.